Bíìlì tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ jáde: Mary Robinson nílé Seanad lọ́dún 1971

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìbò kan. July 7, 1971, ọjọ́ Wednesday, nílé aṣòfin àgbà ilẹ̀ Ireland tí wọ́n ń pè ní Seanad. Àwọn sẹ́nétọ̀ dìbò, 25 sọ pé rárá, 14 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Téèyàn ò bá mọ bó ṣe jẹ́, á rò pé wọ́n ti jiyàn lórí òfin kan títí, wọ́n wá gbé e ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí wọ́n ń dìbò lé lórí ni pé ṣé kí wọ́n gbà kí bíìlì kan tó fẹ́ tú òfin tó de ohun ìdènà oyún wọlé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, káwọn aráàlú rí i kà. Wọ́n ní rárá. Wọn ò tíì dé ibi tí wọ́n á ti sọ pé bíìlì náà dáa tàbí kò dáa, ohun tí wọ́n sọ ni pé kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa rí i kà rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ìròyìn Senate l'Abuja, ẹ mọ̀ pé first reading ò le, kíláàkì á ka àkọlé bíìlì, ó parí, ìjà tòótọ́ dìgbà second reading. Ní Seanad lásìkò yẹn, ibi first reading yẹn gan-an ni wọ́n ti dúró de obìnrin tó gbé bíìlì náà wá. Torí pé tí ilé ò bá gbà fún ẹ níbẹ̀, bíìlì ẹ ò ní í di títẹ̀, tí kò bá sì di títẹ̀, kò sí nǹkan tí sẹ́nétọ̀ kankan máa dìde sọ̀rọ̀ lé lórí, kò sóun tí oníròyìn máa gbé jáde pé ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyí. Èmi ò rò pé mo tíì rí ọ̀nà míì tó mọ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ láti fi pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọlúàbí lẹ́nu. Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ pátá nìyẹn.

Orúkọ obìnrin náà ni Mary Robinson. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé torí pé ó ṣe Ààrẹ Ireland ni, tàbí iṣẹ́ tó ṣe ní United Nations lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ogún ọdún ló fi ṣe sẹ́nétọ̀, láti 1969 dé 1989, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló sì fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí kò sí nínú ìjọba. Mary Bourke ni wọ́n bí i, ní May 21, 1944, nílùú Ballina ní Mayo, apá ìwọ̀ oòrùn Ireland. Bàbá ẹ̀ dókítà, màmá ẹ̀ dókítà, òun nìkan lobìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́rin, ilé Àgùdà pọ́ńbélé. Ó kàwé òfin ní Trinity College ní Dublin, ó lọ Harvard l'Amẹ́ríkà, ó parí níbẹ̀ ní 1968, nígbà tó fi máa di 1969 wọ́n ti fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Trinity, ọmọ ọdún 25 ni. Ọdún yẹn náà ló wọ Seanad.

Ẹ má fojú kékeré wo Trinity yẹn nínú ìtàn yìí o. Ilé ìwé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n kà á sí láti ọjọ́ pípẹ́, débi pé ọmọ Àgùdà tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, 1970 ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò. Nígbà tó ṣì ń kàwé níbẹ̀, ní 1967, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọ̀rọ̀ tó sì fi ṣí ọdún wọn dá lórí òfin àti ìwà rere nílẹ̀ Ireland. Ó sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n mú ìdènà kúrò lórí ìkọ̀sílẹ̀, kí wọ́n mú u kúrò lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kí ìjọba má fi ọ̀daràn pe ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin mọ́, kí wọ́n má fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹni tó gbìyànjú láti pa ara ẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ló sọ gbogbo ìyẹn. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé ariwo àwọn obìnrin tó ń jà fún òmìnira obìnrin ní 1971 ló tì í débi bíìlì, kò tíì wo ẹ̀yìn wò. Ọ̀rọ̀ ti wà lọ́kàn ẹ̀ tipẹ́.

Kí ni òfin tó fẹ́ yí padà yẹn? Section 17 nínú Criminal Law Amendment Act ti 1935. Òfin yẹn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ohun tó ń dènà oyún, kò gbọdọ̀ polówó ẹ̀, kò gbọdọ̀ kó o wọ̀lú láti tà. Òfin míì tún wà lórí ìwé kíkà, ti 1929 àti 1946, tó ní wọn ò gbọdọ̀ tẹ ìwé tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fètò sọ́mọ bíbí jáde. Ohun tó wá burú nínú ẹ̀ ni pé òfin ò sọ pé lílò ẹ̀ lẹ́ṣẹ̀. Tọkọtaya lè lò ó nílé wọn, kò sí ọlọ́pàá tó máa kan ilẹ̀kùn. Àmọ́ níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i rà?

Ẹni tó lówó mọ ọ̀nà. Ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Belfast, tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ wọ́n ń tà á ní gbangba, tàbí kó wọ bàálù lọ London. Ẹni tó bá sì ní dókítà tó gbọ́n, dókítà á kọ pílẹ̀sì, ìyẹn oògùn oníhóró tó ń dènà oyún, fún un, á kọ sílẹ̀ pé torí kí nǹkan oṣù ẹ̀ lè máa lọ déédéé ni, pílẹ̀sì yẹn ò sì sí lára ohun tí òfin dè níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ oògùn àtún-nǹkan-oṣù-ṣe ni wọ́n pè é. Láti 1969 ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní Merrion Square ní Dublin tí wọn ò ta nǹkan kan fún ẹ, wọ́n á fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ náà á wá fún wọn lówó ìtìlẹ́yìn. Gbogbo èèyàn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àbí ta ni kò mọ̀? Ìyàwó apẹja létí òkun tó ti bímọ márùn-ún, tí dókítà abúlé ẹ̀ ń bẹ̀rù fádà, òun ni òfin yẹn dì mú ní tòótọ́.

Ìyẹn ni Robinson rí. Bíìlì tó kọ kò gùn, òfin 1935 ni kí wọ́n fagi lé section 17 ẹ̀, kí wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kúrò nínú òfin ìwé kíkà.

Ó wá ku bó ṣe máa gbé e wọlé. Ó nílò àwọn sẹ́nétọ̀ méjì tó máa bá a fọwọ́ sí i. Trevor West, olùkọ́ ìṣirò ní Trinity, àti John Horgan, oníròyìn, ni wọ́n dáhùn. Ẹ wò ó dáadáa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yunifásítì ló yàn wọ́n. Èyí ò ṣèèṣì. Sẹ́nétọ̀ 60 ló wà ní Seanad. Nínú wọn, 11 ni olórí ìjọba máa ń mú fúnra ẹ̀, 43 ni àwọn kánsẹ́lọ̀ àti àwọn olóṣèlú ń dìbò yàn láti àwọn ìsọ̀rí márùn-ún, ó wá ku mẹ́fà tó jẹ́ pé àwọn tó gboyè jáde ní yunifásítì ló ń yàn wọ́n, lásìkò yẹn mẹ́ta láti Trinity, mẹ́ta láti National University. Àwọn tó ń dìbò yan mẹ́fà yìí fọ́n káàkiri ilẹ̀, póòsì ni wọ́n fi ń dìbò, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí bíṣọ́ọ̀bù lè dúró sí lọ́jọ́ Sunday tó máa kó gbogbo wọn pọ̀ kó sọ fún wọn pé ẹ má dìbò fún ọmọ yẹn mọ́. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè nà wọ́n lẹ́gba náà, torí wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Olóṣèlú tó kù, kódà èyí tó gbà ní kọ̀rọ̀ pé òfin yẹn ò dáa, tó bá rántí ìlú ẹ̀, tó rántí fádà ìlú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á gbọ̀n. Èmi ò dá wọn lẹ́bi tán. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí lè gbà wọlé.

Agbára tí Seanad ní pàápàá ò tó nǹkan. Tí Dáil, ilé aṣojú-ṣòfin, bá ti fọwọ́ sí òfin, ohun tí Seanad lè ṣe ni kó dá a dúró fún 90 ọjọ́. Ìjọba sì máa ń ní èèyàn tó pọ̀ jù níbẹ̀ nítorí àwọn 11 yẹn. Ní 1971, ẹgbẹ́ òṣèlú Fianna Fáil ló ń ṣèjọba, Jack Lynch ni olórí ìjọba. Nítorí náà sẹ́nétọ̀ tí kò sí nínú ìjọba, tí kò tún ní ẹgbẹ́, ẹnu ẹ̀ nìkan ló ní. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé tún wà, tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun téèyàn bá sọ níbẹ̀ sí. Ohun ìjà méjèèjì tó ní nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ gba méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Bíìlì wà lórí ìwé ètò ilé, ó kàn jẹ́ pé ojúmọ́ rẹ̀ ò mọ́. Olórí ilé ló máa ń sọ ohun tí wọ́n máa gbọ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fo ti Robinson. Ọ̀sẹ̀ lọ, oṣù lọ. Ó ń dìde, ó ń béèrè, ìgbà wo la máa gbé ọ̀rọ̀ wa yẹ̀ wò? Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ àríyànjiyàn ilé Oireachtas, ìyẹn ilé aṣòfin Ireland lápapọ̀, tí wọ́n ti kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, á rí i pé iṣẹ́ tí sẹ́nétọ̀ alátakò ń ṣe nígbà míì ò ju kó máa béèrè ìbéèrè kan náà lọ́jọ́ kan tẹ̀lé òmíì. Kò dùn ún kà. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá ńlá níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá dìde béèrè, orúkọ bíìlì tí wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ yẹn tún wọnú ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi gbà pé ibẹ̀ lọgbọ́n ẹ̀ wà.

Nígboro, ọ̀rọ̀ ti gba ọ̀nà ibòmíì. March 6, 1971, ètò tẹlifíṣọ̀n The Late Late Show gbé àwọn obìnrin tó ń jà fún òmìnira obìnrin jáde, Robinson wà lára àwọn tó jókòó síbẹ̀. Kò tó oṣù kan, March 28, ọjọ́ Sunday, wọ́n ka lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Dublin, John Charles McQuaid, nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lábẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà yẹn sọ pé tí wọ́n bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ègún ló máa jẹ́ lórí orílẹ̀-èdè wọn. Ègún o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń wọni lára. Ó yàtọ̀ sí kí bíṣọ́ọ̀bù sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú ìjọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, ìjọ ẹ̀ ni. Ohun tó sọ ni pé òfin tí aṣòfin fẹ́ ṣe máa fa ègún wá sórí gbogbo èèyàn, àtẹni tó jẹ́ Àgùdà àtẹni tí kì í ṣe Àgùdà. Lọ́dún yẹn ìwé òfin ilẹ̀ Ireland fúnra ẹ̀ ṣì sọ ní abala 44 pé ìjọ Àgùdà wà ní ipò àrà ọ̀tọ̀. Tí McQuaid bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn ẹnì kan lásán làwọn èèyàn ń gbọ́.

Mi ò kọ èyí láti fi bú ìjọ Àgùdà. Àwọn fádà láti Ireland ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa níwèé nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ilé ìwé tá a fi ń yangàn lónìí, ọwọ́ wọn la ti gbà á. Mo mọyì ìyẹn dọ́kàn. Àmọ́ ẹni tó kọ́ni níwèé lè ṣi agbára lò, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ ọ̀kan níbi tí mo rò pé wọ́n ṣì í lò.

Ohun tó dé bá Robinson fúnra ẹ̀ lásìkò yẹn le. December 1970 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó pẹ̀lú Nicholas Robinson, ọkùnrin Pùròtẹ́sítáǹtì, bàbá àti ìyá ẹ̀ ò sì wá síbi ìgbéyàwó náà. Ẹ fojú inú wo ìyẹn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni bíìlì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ń wọlé láti ibi gbogbo, lẹ́tà ìbínú, lẹ́tà èébú, àwọn kan ò kọ nǹkan kan, wọ́n kàn gé ìka ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí i láti fi dọ́gbọ́n sọ kọ́ńdọ̀mù fún un. Ní Ballina, níbi tí wọ́n ti mọ àwọn òbí ẹ̀ bí ẹní mowó, wọ́n bá a wí látorí pẹpẹ. Obìnrin náà sọ nígbà tó yá pé ohun tó dùn òun ni pé òun ò mọ̀ pé ìkórìíra lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun rò pé téèyàn bá ro ẹjọ́ dáadáa, ó ti tó. Èyí wọ̀ mí lọ́kàn gan-an, torí ìwà lọ́yà nìyẹn, ìwà ẹni tó gbà pé tí mo bá to ọ̀rọ̀ mi bó ṣe yẹ, ẹ máa gbọ́ mi.

Kí wá ni ẹjọ́ tó ń rò? Àkọ́kọ́, ó ní òfin ìjọba yàtọ̀ sí òfin ìjọ. Ohun tí bíṣọ́ọ̀bù bá sọ fún ọmọ ìjọ ẹ̀, kó lọ tẹ̀ lé e, àmọ́ ìjọba ò gbọdọ̀ fi ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè gbé e ka orí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀. Èkejì sì rèé, èyí tí mo rò pé òun ló dun àwọn olóṣèlú jù: apá àríwá. 1971 ni à ń sọ yìí, bọ́ǹbù ń dún ní Belfast, gbogbo olóṣèlú ní Dublin ló ń sọ pé àwọn fẹ́ kí Ireland di ọ̀kan. Robinson ní ẹ dúró ná, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì apá àríwá ń wò wá, wọ́n ń rí i pé ohun tí bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà bá fẹ́ ló ń di òfin nílẹ̀ wa, kí ló máa mú wọn fẹ́ bá wa gbé? Ẹni tó ń pariwo ìṣọ̀kan tí kò sì fẹ́ yí òfin kan ṣoṣo padà, ìṣọ̀kan wo ló ń wá? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ kí àríyànjiyàn yẹn wáyé rárá.

Àwọn obìnrin ò sì dúró de ilé aṣòfin. Lóṣù March yẹn àwọn kan lára wọn gba fèrèsé wọ Leinster House, níbi tí ilé aṣòfin wà. May 22, ọjọ́ Saturday, ọjọ́ kejì tí Robinson pé ọmọ ọdún 27, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Irish Women's Liberation Movement wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Belfast láti lọ ra ohun ìdènà oyún, kí wọ́n sì kó o gba iwájú aṣọ́bodè kọjá ní Dublin. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rí i pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ pílẹ̀sì fún èèyàn kó tó lè rà á. Wọ́n bá ra ásípíríìnì, wọ́n gbà pé aṣọ́bodè ò ní í mọ̀yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé sí Connolly Station wọ́n ń ju kọ́ńdọ̀mù àti ásípíríìnì sókè, wọ́n ní ẹ wá mú wa. Aṣọ́bodè ò mú ẹnikẹ́ni. Ojú tì wọ́n, wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọjá. Àwòrán yẹn ló gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn yìí dòní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí pé ó bo ti inú ilé aṣòfin mọ́lẹ̀. Àwọn tinú ọkọ̀ ojú irin fi hàn pé òfin ò ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tó máa sọ pé kí a wá yí i padà.

Oṣù kan àtààbọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni July 7 yẹn dé. 25 sí 14. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò nípa 14 yẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ìjákulẹ̀ ni. Àwọn mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi dọjọ́ ìbò, lẹ́yìn tí bíṣọ́ọ̀bù ti sọ̀rọ̀ ègún, lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà, àwọn 14 fi orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ìwé pé àwọn fẹ́ kí wọ́n tẹ bíìlì yẹn jáde. Lójú tèmi, lọ́dún 1971, ní Ireland, 14 kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó dìde padà. December 1972, aráàlú dìbò, wọ́n mú ipò àrà ọ̀tọ̀ ìjọ Àgùdà kúrò nínú ìwé òfin. 1973 ìjọba yí padà, Fine Gael àti Labour gba ipò, Liam Cosgrave di olórí ìjọba, Robinson tún gbé bíìlì tuntun wá. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n jẹ́ kó wọlé, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jiyàn lé e lórí ní Seanad ní 1974. Àríyànjiyàn gidi, tí gbogbo èèyàn lè kà. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n dìbò gbé e ṣubú. Àmọ́ ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀? Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wọn ò gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Báyìí wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ìdí tí wọ́n fi gbà àbí tí wọn ò fi gbà.

Láàárín ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ McGee, December 19, 1973. Obìnrin kan ní Skerries, ìyàwó apẹja, ọmọ mẹ́rin, inú ilé alágbèérìn ni wọ́n ń gbé, oyún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, dókítà ní tó bá tún lóyún ó lè kú. Ó ránṣẹ́ ra jẹ́lì ìdènà oyún láti ilẹ̀ òkèèrè, aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé e. Adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ní ẹ̀tọ́ tọkọtaya ni láti dá ìpinnu yẹn ṣe ní yàrá wọn, pé ìjọba ò lè dí i lọ́wọ́ kó má kó o wọlé fún ìlò ara ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹjọ́ yẹn ló yanjú gbogbo ẹ̀, pé sẹ́nétọ̀ kàn ń dààmú ara ẹ̀ ni. Mi ò gbà. Ohun tí ilé ẹjọ́ tú ni kíkó wọlé fún ìlò ara ẹni. Títà ṣì wà ní ìdè. Ẹni tí kò mọ̀wé, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí ilẹ̀ òkèèrè, ibi tó wà ló ṣì wà. Ilé aṣòfin nìkan ló lè tú ìyókù.

Ìjọba Cosgrave wá gbé bíìlì tiwọn wá sí Dáil. July 16, 1974 ni wọ́n dìbò, ó sì ṣubú, 75 sí 61. Ta ló wà lára àwọn tó dìbò lòdì sí i? Cosgrave fúnra ẹ̀. Olórí ìjọba dìde, ó lọ bá àwọn alátakò, ó dìbò pa bíìlì ìjọba ara ẹ̀, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Wọn ò sọ fún àwọn ìyókù tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ṣe é nìyẹn. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu. Robinson ò sinmi, ó tún gbé ẹ̀kẹta wá sí Seanad kí ọdún yẹn tó parí, ìyẹn náà ò kọjá.

1979 ni Charles Haughey, mínísítà ìlera nígbà yẹn, wá ṣe òfin kan tó ní dókítà gbọ́dọ̀ kọ kọ́ńdọ̀mù fún èèyàn kó tó lè rà á lọ́wọ́ apòògùn, kó sì jẹ́ pé torí ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni tòótọ́. Kọ́ńdọ̀mù o, pẹ̀lú ìwé dókítà. Òun fúnra ẹ̀ pè é ní ojútùú Ireland sí ìṣòro Ireland. 1985, Barry Desmond, tó jẹ́ mínísítà ìlera lọ́dún yẹn, mú ìwé dókítà yẹn kúrò fún ẹni tó bá ti lé ní ọdún 18, ìbò Dáil 83 sí 80. Des O'Malley, ọmọ Fianna Fáil, kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ ẹ̀ dìbò ta kò ó, ẹgbẹ́ sì lé e jáde. Nígbà tí òfin yẹn dé Seanad, Robinson ṣì jókòó síbẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn July 7 yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà èébú 1971 yẹn, ọkọ ẹ̀ ló sun wọ́n níná, kò fẹ́ kí ìyàwó òun máa rí wọn. Robinson sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ó dun òun pé àwọn ò tọ́jú wọn.

Ó kúrò ní Seanad ní 1989. Ọdún tó tẹ̀ lé e ó díje fún Ààrẹ, ó wọlé, December 3, 1990 ni wọ́n búra fún un ní Dublin Castle, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní Ireland. 1993 ni ilé aṣòfin wá tú kọ́ńdọ̀mù sílẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni lè tà á níbi tó bá wù ú. Ní Ireland, bíìlì ò lè di òfin àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i, lọ́dún yẹn sì rèé, Mary Robinson ni Ààrẹ.